Ìlú Kú, Ìwé Kò Kú: Ohun Tí A Rí ní Ahoro Ouadane

Ọ̀rọ̀ tí alága ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ní Nouakchott

  

A mọ̀ pé bí alága bá ti dìde báyìí, ọ̀pọ̀ ni yóò ti fọwọ́ di àpò mú, pé owó ẹgbẹ́ ló tún fẹ́ bèèrè. Ẹ fọkàn balẹ̀. Akápò ti sọ tirẹ̀ tán láàárọ̀. Ìrìn àjò kan la fẹ́ ròyìn fún yín. Bí a bá sì ròyìn rẹ̀ tán, nǹkan kan ṣoṣo la máa bẹ̀ yín, kì í sì í ṣe owó.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwa márùn-ún gbéra láti Nouakchott níbí, a lọ sí Ouadane, ìlú òkúta àtijọ́ tó wà ní agbègbè Adrar, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Alága lọ, akọ̀wé lọ, akápò lọ, ìyálájé wa lọ, ọmọ wa kan tó gbọ́ èdè Hasaníyà dáadáa ló ṣe ògbufọ̀. Owó ara wa la ná, kò sí kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ nínú rẹ̀.

Àwọn kan ti bi wá léèrè pé kí ni oníṣòwò ń wá lọ sínú ahoro. Wọ́n ní ṣé ahoro ń ra aṣọ ni? Ìdáhùn wa ni pé ọ̀ràn Aláago ló gbé wa dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kò tíì gbàgbé rẹ̀. Aláago ni gbogbo wa ń pè é, nítorí aago ọwọ́ ló ń tà, tó sì tún ń tún un ṣe. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá wa gbé. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í sì í pa ìpàdé jẹ. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2023, ó dákú sí ìdí àtẹ rẹ̀. Kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹlẹ́mìí ti gbà á. Ìgbà tí wọ́n wá bi wá pé kí ni orúkọ rẹ̀ ni ojú tì wá. Aláago kì í ṣe orúkọ. Ẹnì kan pe orúkọ kan, ẹnì kejì pe òmíràn. Ẹnì kan ní ọmọ Ṣakí ni, ẹlòmíràn ní rárá, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. A gbé fóònù rẹ̀, a kò mọ bí a ṣe ń ṣí i.

A sin ín ní ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló gbà wá kí a tó rí ìyá rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Akọ̀wé ló bá ìyá náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo wa sì jókòó tì í. Ìyá náà kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ọjọ́ wo lẹ sin ọmọ mi?" Nígbà tí a sọ ọjọ́ náà fún un, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ èlùbọ́ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, èlùbọ́ ẹni tó ti kú ni ìyá yẹn ń tọ́jú fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Kì í ṣe pé a kórìíra ọmọ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a kò mọ orúkọ rẹ̀. Owó rẹ̀ tó wà nínú àjọ la rí kó fún ìyá rẹ̀, nítorí pé oní-àjọ ní ìwé. Ní ti àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ọjà, wọ́n mọ ara wọn. Àwọn méjì péré ló mú owó wá.

A ń ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ wa tó ń gbé ọjà lọ sí Atar sọ fún wa pé ìlú àwọn oníṣòwò kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ti di ahoro, ṣùgbọ́n tí àwọn ìdílé kan ṣì ń tọ́jú ìwé tí àwọn baba ńlá wọn kọ síbẹ̀. Ó ní, "Alága, ìlú kú, ìwé kò kú." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí a sùn. Ohun tó gbé wa lọ nìyẹn.

A kúrò níbí kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti Nouakchott dé Atar lé ní 400 kìlómítà, ẹ óò sì kọjá ní Akjoujt, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà yẹn mọ̀ pé àwọn agbófinró á dá ọkọ̀ dúró, wọn á sì gba ìwé pélébé tí àlejò kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí. Orílẹ̀-èdè yìí ti kúrò nínú àjọ ECOWAS láti ọdún 2000, nítorí náà kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé ìwé ni ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn níbí. Akọ̀wé ti ṣe fọ́tòkópì ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń pín in lọ ni ìyálájé bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo nǹkan. Gbogbo ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n ti mọ orúkọ mi tán. Nínú ẹgbẹ́ wa ńkọ́? Ìyá Ìbejì ni mò ń jẹ́ níbẹ̀." Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú ọkọ̀.

A sùn ní Atar. Ní ọjọ́ kejì, a háyà Hilux pẹ̀lú awakọ̀ tó mọ ọ̀nà, torí pé òkè àti iyanrìn ló wà níwájú. Ouadane tó nǹkan bí 180 kìlómítà sí Atar. Ẹ má fi òtútù aṣálẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ṣeré o. Akápò wa tó ń fọ́nnu pé òun kò bẹ̀rù atẹ́gùn kankan, ẹ̀wù mẹ́ta ló wọ̀, ó tún da búláńkẹ́ẹ̀tì bora.

Nígbà tí a kọ́kọ́ rí ìlú náà, a kò mọ̀ pé ìlú ni. A rò pé òkè ló ya lulẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé àti òkúta tó wà lára òkè, àwọ̀ kan náà ni. Ìgbà tí a sún mọ́ ọn la tó rí ògiri, tí a rí ẹnu ọ̀nà, tí a rí ọ̀nà tóóró tó ń gba àárín ilé kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, igi dàbínù dúdú mìnìjọ̀ nínú àfonífojì, bí ẹni pé kò sí aṣálẹ̀ nítòsí. Lókè, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé nínú ilé tuntun. Àárín méjèèjì ni ìlú àtijọ́ náà wà, òfìfo.

Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé ní nǹkan bí ọdún 1142 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Idaw al-Hajj ni wọ́n ń pe ìdílé tó tẹ̀ ẹ́ dó, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn ará ilé Alhaji. Ẹ rẹ́rìn-ín o, a mọ̀ pé ilé Alhaji kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn alfa oníwèé ni wọ́n, oníṣòwò sì tún ni wọ́n.

Kí ni wọ́n ń tà? Iyọ̀ ni. Ibi kan wà tí wọ́n ń pè ní Idjil, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gé iyọ̀ nínú ilẹ̀ bí ẹni gé pákó. Ràkúnmí ló ń gbé e wá sí Ouadane, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbé e lọ sí gúúsù, sí ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú, níbi tí iyọ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ bó ṣe ń rí: ọjà tí kò níye lórí níbi tó ti pọ̀, bó bá ti rìn jìnnà ni owó rẹ̀ ń gun òkè. Wúrà àti ọkà ń ti gúúsù bọ̀. Aṣọ àti ẹṣin ń ti àríwá bọ̀. A kò sì gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa: ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Àwọn tí wọ́n dè mọ́ ara wọn rìn kọjá nínú iyanrìn yẹn, orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n kò sì bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà ló mú wa rìn nínú ahoro. Ó mú wa gba òpópónà tí wọ́n ń pè ní ti ogójì alfa, nítorí wọ́n ní ogójì onímọ̀ ló gbé níbẹ̀ nígbà kan, ilé wọn tẹ̀ léra. Ó mú wa dé mọ́ṣáláṣí àtijọ́. Òrùlé kò sí mọ́, àwọn òpó ṣì dúró. Ó mú wa dé ibi kànga, nísàlẹ̀ ìlú. Wọ́n mọ ògiri dáàbò bo kànga náà àti ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ogun bá dó ti ìlú, àwọn ènìyàn á ṣì rí omi mu. Akápò dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé ọjọ́ burúkú á dé, wọ́n sì kọ́ ògiri sílẹ̀ dè é." A ní bẹ́ẹ̀ ni, owó ìrànlọ́wọ́ tiwa nìyẹn. Ṣùgbọ́n kànga nìkan kọ́ la wá wò.

Ìyálájé wọ inú yàrá kékeré kan tí wọ́n ṣe ihò pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ sí ara ògiri rẹ̀ fún ìkó-nǹkan-sí. Ó jókòó sórí òkúta, ó na ọwọ́ sí ihò kan, sí ìkejì, bí ẹni tó fẹ́ gbé ọjà fún oníbàárà. Ó ní, "Ta ló jókòó síbí?" Ọkùnrin tó ń mú wa kiri rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Báwo ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ahoro? Òkun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn Pọtogí fi ọkọ̀ ojú omi dé Arguin, ní etíkun orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì ń ra wúrà àti ènìyàn níbẹ̀. Ní ọdún 1487, wọ́n tilẹ̀ rán àwọn ènìyàn wọn wá sí Ouadane fúnra rẹ̀ láti dá ibùdó òwò sílẹ̀. Ibùdó yẹn kò pẹ́ tó fi tú ká, ṣùgbọ́n òwò ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ẹrù tí ràkúnmí ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọba Mòrókò náà rán ogun wá láti gba ìlú yìí. Ogun náà padà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun Songhai ń bọ̀. Ìlú kì í kú lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan á kó lọ lónìí, ẹnì kejì á kó lọ lọ́dún tó ń bọ̀, títí ilẹ̀kùn tó ń ṣí á fi dín sí ti àná.

Ohun kan wà tí akọ̀wé wa kà fún wa ní alẹ́ ọjọ́ yẹn tó wọ̀ wá lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn méjì tó ń bá àwọn Pọtogí kọ̀wé kọ nípa Ouadane. Duarte Pacheco Pereira kọ ọ́ pé ìlú náà ní nǹkan bí 300 ààrò. Bí ẹ bá ka ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí ààrò kan, ó tó 1,500 sí 1,800 ènìyàn. Èkejì, Valentim Fernandes, ní ènìyàn 400 péré ló wà níbẹ̀. Ìlú kan náà, àkókò kan náà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó! Ẹni tí kò bá ka ara rẹ̀, àlejò ni yóò kà á, àlejò á sì kà á bó ṣe gbọ́ ọ.

Fernandes yìí kan náà kọ ọ́ pé àwọn Júù wà ní Oualata, pé wọ́n lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n pé wọ́n ń jẹ wọ́n níyà. Ó ní oníṣòwò tó ń rìn káàkiri ni wọ́n, tàbí alágbẹ̀dẹ, tàbí àwọn tó ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ìyẹn ni pé àlejò ni wọ́n nínú ìlú oníṣòwò. Wọ́n jókòó sí ìlú onílùú, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n ń fi ojú sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a bi ọkùnrin tó ń mú wa kiri bóyá irú wọn gbé ní Ouadane náà rí, àti pé ilé wọn dà. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè, kò lè na ìka sí ilé kankan. A kò rí orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ìlà díẹ̀ tí àlejò mìíràn kọ nípa wọn ló kù.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a dúró níbẹ̀, a wo ara wa. Àwa nìyẹn. Àwa tí a ń ta aṣọ, tí a ń ta ìpara, tí a ń tún fóònù ṣe ní ìlú onílùú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ní ogún ọdún sí i pé àwọn Yorùbá tó gbé ní Nouakchott dà, ta ni yóò na ìka?

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú wa lọ sí ilé bàbá àgbàlagbà kan tí ìdílé rẹ̀ ń tọ́jú ìwé. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wà ní Ouadane, wọ́n wà ní Chinguetti pẹ̀lú. Bàbá náà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún gbẹ, ó sì ṣí àpótí. Ìwé àfọwọ́kọ ló kún inú rẹ̀, awọ ni wọ́n fi dì wọ́n. Ìwé ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ìwé òfin wà, ìwé tó sọ nípa ìràwọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwọn tákàdá pélébé ló gba ọkàn wa. Àdéhùn òwò ni wọ́n, ìwé gbèsè, àti ìwé pípín ogún. Ògbufọ̀ wa ka ọ̀kan bó ṣe lè kà á: lágbájá ọmọ lágbájá, ọmọ lágbájá, gba iyọ̀ báyìí-báyìí lọ́wọ́ lágbájá ọmọ lágbájá, yóò tà á, wọn yóò pín èrè, ẹlẹ́rìí ni lágbájá ọmọ lágbájá. Ilé tí wọ́n ti dúnàádúrà ti wó. Iyọ̀ náà ti yọ́ sínú ọbẹ̀ láti ayébáyé. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, ti bàbá wọn wà níbẹ̀, ti bàbá bàbá wọn wà níbẹ̀.

A bi bàbá náà pé báwo ni ìwé ṣe pẹ́ tó báyìí lọ́wọ́ ikán, òjò àti iyanrìn. Ó ní kò sí idán níbẹ̀, pé ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa ṣí i wò, ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ó wá yíjú sí wa, ó béèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo ni ìwé yín wà?"

Akọ̀wé wa ti ki ọwọ́ bọ àpò, ìwé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó fà á dé ìdajì. Ó wá rántí ohun tó wà nínú rẹ̀: Ìyá Ìbejì, Bọ̀dá Onífóònù, Ìyàwó Káfíńtà, Ọmọ Ọ̀yọ́, Aláago. Ó rọra dá a padà sínú àpò. Àwa tó wà níbẹ̀ rí i. A kò sọ̀rọ̀.

Èyí mú wa rántí bàbá tó bí wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ mọ ìtàn Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù orí nìkan. Bàbá wa àti àbúrò rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní àríwá Gánà nígbà náà. Àwìn ni àwọn méjèèjì fi ń tajà. Bàbá wa kì í kọ nǹkan sílẹ̀, orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀, orí náà sì pé. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ ra ìwé kékeré kan. Ó ń kọ orúkọ oníbàárà sí i, ó ń kọ orúkọ bàbá oníbàárà, á sì ní kó tẹ ìka sí i.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àbúrò bàbá wa padà lọ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ wọn rí orúkọ bàbá wọn àti ìka rẹ̀, àwọn kan san án. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí gbà, àmọ́ owó yẹn ló fi tún ọjà bẹ̀rẹ̀. Bàbá wa kò lọ. Kí ni yóò fi hàn wọ́n? Títí tó fi darúgbó, bó bá jókòó lálẹ́, á máa ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ní Gánà lórí ìka. Nígbà tó kú, gbèsè yẹn bá a wọlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má rò pé ìwé la fẹ́ fi yangàn. A mọ iye tí àìkọ̀wé ń náni.

Ẹ̀bẹ̀ wa wá nìyí. Ẹgbẹ́ ti ra ìwé orúkọ tuntun. Ó nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ojú ewé kan ni ti ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan mẹ́fà la fẹ́ kí ẹ kọ síbẹ̀: orúkọ yín ní kíkún, orúkọ bàbá àti ìyá yín, ìlú yín àti agbo ilé yín, nọ́ńbà fóònù ẹni méjì nílé, iṣẹ́ yín àti ibi tí ẹ ti ń ṣe é níbí, àti ẹni tí ẹ fẹ́ kó tọ́jú ọjà yín bí ẹ bá ṣàìsàn.

Nígbà tí a sọ èyí fún ìgbìmọ̀, àwọn kan ta kò ó, a kò sì bínú sí wọn, torí pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Àwọn kan ní, "Alága, ìwé yìí á bọ́ sí ọwọ́ ìjọba, àwọn tí kò tíì rí ìwé ìgbélùú gbà á wọ wàhálà." A ti gbọ́. A kò ní béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí. Inú àpótí tó ní àgádágodo mẹ́ta ni yóò máa wà. Kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyálájé. Alága kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Àwọn mìíràn wá bá wa ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí àwọn wà. Ìjà ogún ló lé ẹlòmíràn kúrò nílé, ìgbéyàwó ló lé ẹlòmíràn, ẹlòmíràn sì jẹ gbèsè. A kò ní fi agbára tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ tirẹ̀ sí tákàdá, kó fi í sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó fọwọ́ sí orí ibi tó lẹ̀. Ọjọ́ wàhálà nìkan la máa ṣí i, lójú ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Bó bá kúrò ní ìlú yìí ní àlàáfíà, a óò dá àpòòwé rẹ̀ padà fún un bó ṣe wà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ìyálájé ní kí a sọ èyí fún yín tààrà: ojú ewé tiyín dá dúró. Ẹ kì í ṣe ìlà kékeré lábẹ́ orúkọ ọkọ. Ọjà yín ni tiyín, orúkọ yín ni tiyín. Òun ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí síbí, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé àti Hasaníyà ju Yorùbá lọ, ẹ̀yin lẹ máa ran àwọn òbí yín tí kò mọ̀wé lọ́wọ́. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ máa bá orúkọ tí ẹ kò gbọ́ rí pàdé. Ẹ má ṣe yára. Ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá Ouadane sọ fún wa pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣí ìwé wò ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ni ìran tó kàn.

Ní ọdún 1996, àjọ UNESCO kọ orúkọ Ouadane, Chinguetti, Tichitt àti Oualata sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé wọ̀nyẹn kò dúró de àjọ kankan kí wọ́n tó tọ́jú orúkọ bàbá wọn. Àwa náà, ẹ má jẹ́ kí a dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó mọ bí ọjọ́ wa ṣe máa pẹ́ tó níbí. Gánà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú wa kò bá lè padà sílé lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó kéré tán kí ìròyìn rẹ̀ délé ní ọjọ́ náà gan-an.

Tábìlì wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, akọ̀wé ti jókòó sídìí rẹ̀, bírò wà, oúnjẹ kò sì ní tán kí ó tó kàn yín. Ojú ewé kìn-ín-ní ti kún. Ti Aláago ni. Ìyá rẹ̀ ló pe gbogbo rẹ̀ fún wa lórí fóònù, orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, agbo ilé rẹ̀, àti oríkì tí ó máa ń fi jí i ní kékeré. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, ìyá náà ní kí a kà á padà fún òun. A kà á. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Òun nìyẹn."

Ojú ewé kejì ń dúró de ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde. Ọlọ́run á jẹ́ kí a pẹ́ láyé, kí a rí ilé, kí ilé rí wa.